Páìpù Tó Ń Gbọ́ Ìbáwí

"Dákẹ́ jàre!" Aránṣọ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Omi òjò ń kán láti inú páìpù òrùlé sórí páànù. Kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ ti gún un lónìí nítorí ariwo yìí.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbejì, ta ló sọ fún yín pé páìpù ní etí?"

"Ó ní in. Bí mo bá ti jágbe mọ́ ọn, á rọlẹ̀. Agídí ló kàn ní. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ óò ṣàlàyé. Mò ń lọ mú àwọn ọmọ níléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọjú sí Màámi ní yàrá wọn."

"Wọ́n ń sùn."

Bó ṣe jáde, Aránṣọ gbé àga síta, ó gùn ún, ó so okùn sínú páìpù kí omi lè máa bá ara okùn yọ̀ wálẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó mí kanlẹ̀.

Kọ́, kọ́, kọ́.

"Mo ní kí o dákẹ́!"

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé: omi ń yọ̀ lára okùn, kò dún rárá.

 Ó sáré wọ yàrá ìyá rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ife omi ti yí dànù sílẹ̀. Bí ìyá ṣe rí i, ó yára fa ọwọ́ tó wọ òrùka kúrò lára irin ibùsùn, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ.