Tíṣà Mẹ́ta àti Orí Kan

Intafíù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tíṣà náà láàárín oṣù méjì rèé. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n ní kó lọ máa retí ìpè, fóònù ò sì dún. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ìrọ̀rí ti sọ fún un pé bí eléyìí náà ò bá bọ́ sí i, kó wá máa bá òun tajà. Ó tiẹ̀ ti ní kí wọ́n rán ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ fún un. Wọ́n máa kọ “SÙN DÁADÁA” sí i lẹ́yìn gàdàgbà.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ bá a tún kọ́là ṣe.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ máa sọ̀rọ̀ bí ìwé o.”

“Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ̀rọ̀ bí ìwé rí? Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìgbéyàwó wa yìí, tá a bá wò ó fínnífínní...”

“Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Ó dé ilé-ìwé náà ní agogo mọ́kànlá, ó há fáìlì olójú-ewé ogójì mọ́ abíyá. Ọ̀gá ilé-ìwé pàdé rẹ̀ ní kọ́ridọ̀, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ wò ó, sà, ìgbìmọ̀ ló ń gba tíṣà síṣẹ́ níbí. Èmi ò lóhùn síbẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ gbà lọ́dún tó kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi lé e.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má purọ́ fún wọn. Ẹ má sì jẹ́ kó kọjá agogo méjìlá. Tí ebi bá ti ń pa wọ́n, kò sẹ́ni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.”

Mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà. Alága wà láàárín, ó wọ sókì funfun, ó fọwọ́ lẹ́rán. Akọ̀wé mú bíró pupa dání. Ẹni kẹta, tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Màmá Àgbà, ò ní eyín iwájú méjì, ó sì ti ń tòògbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tíṣà jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lágbọ̀n.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ni alága wí. “Ṣé ẹ máa ń pariwo mọ́ èèyàn?”

“Rárá o.”

Akọ̀wé gbójú sókè. “Rárá rárá?”

“Ó dáa... lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó yọ ahọ́n síta díẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

“Ẹ kọ́ wa ní nǹkan kan,” ni alága wí.

Tíṣà ṣí fáìlì. Ó kọ “Ìwọ̀n” sójú pátákó, ó fàlà sí i nídìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ojú-ewé kẹsàn-án, Màmá Àgbà ti gbórí lé tábìlì, ó ń hanrun. Akọ̀wé ń ya ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sínú ìwé rẹ̀. Kọ́là ọkùnrin náà jọ ti tíṣà.

“Ẹ dúró ná,” ni alága wí. “Táǹkì omi tó wà níta yẹn, báwo ló ṣe ga tó?”

Tíṣà bojú wo táǹkì lójú fèrèsé. Ó ṣí fáìlì síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò sí táǹkì níbẹ̀. Ó wá ń rí ara rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì ìrọ̀rí.

“Mi ò mọ̀,” ló ní.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà pa fáìlì dé.

“Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ rò pé a ṣe lè mọ̀ ọ́n?”

“Kẹ́nì kan gùn ún,” ni alága wí.

“Ta ni? Ìwọ?” Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó ń sá fún aláǹgbá!”

“Èmi ni alága o! Bọ̀wọ̀ fún mi!”

“Alága aláǹgbá.”

Màmá Àgbà gbórí sókè. Itọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. “Òjìji rẹ̀ ṣáà wà nílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ gun òkè lọ ṣe?”

Tíṣà lanu láti ṣàlàyé. Ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó pa á dé.

Wọ́n bọ́ sínú oòrùn. Wọ́n ní kí tíṣà dúró ṣánṣán bí òpó iná. Ẹ̀ẹ̀mejì ló nu òógùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá a wí: “Ẹ má mira, sà, òjìji yín ń sá lọ!” Akọ̀wé gé okùn tó gùn bí òjìji tíṣà gẹ́lẹ́, alága sì fi okùn náà wọn òjìji táǹkì láti ìdí dé orí, ó ń kà á sókè.

“Táǹkì ga tó tíṣà mẹ́ta àti orí kan!”

“Orí ta ni?” ni akọ̀wé bi í. “Tí ó bá jẹ́ tìẹ, ó ti di tíṣà mẹ́rin nìyẹn.”

Ni wọ́n bá ń wọn orí ara wọn. Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn tòun.

Agogo méjìlá ti kọjá nígbà tí wọ́n ní kó dúró síta. Ó gbọ́ tí àga ṣubú nínú yàrá. Ó gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ pé òun máa fẹjọ́ sùn. Fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: “Ṣẹ́ẹ̀tì ti dé o, ẹ̀gbọ́n. Ó máa bá yín mu gan-an.”

Wọ́n pè é wọlé.

“Tíṣà,” ni alága wí, “ẹ ò mọ bí táǹkì ṣe ga tó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Àwọn mẹ́rin tó wá ṣáájú yín mọ gbogbo nǹkan tán. A ò rí nǹkan kan ṣe. Ńṣe la kàn jókòó.”

“Ìdí ń dùn mí,” ni Màmá Àgbà wí.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, sà.”

Alága fa lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ sọ́dọ̀, àmọ́ wọn ò tíì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sáìn ní kíláàsì kẹta tó wà, torí náà ó ya òdòdó kan sídìí rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó sì sáré lọ bá ìyá rẹ̀ tó gbé oúnjẹ ọ̀sán dúró ní géètì: “Mọ́mì! Mọ́mì! A ti gba tíṣà wa tuntun!”