Ìwé Tí Ọ̀gá Fádáhùnsí Dá Kọ

Ọ̀gá Fádáhùnsí ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe tíṣà, ó sì ku ọdún kan àbọ̀ péré kí ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ilé-ìwé rẹ̀ ní Ọ̀tà, ohùn ló fi ń dá àwọn ọmọ mọ̀, ìró bàtà ló sì fi ń dá àwọn tíṣà mọ̀. Lẹ́tà nìkan ni kò ní ohùn. Àmọ̀dá, igbákejì rẹ̀, ló ń kà á sí i létí. Òun náà ló ń kọ èsì, ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ tó dọ́gba bí ẹyin eèrà. Tó bá kọ ọ́ tán, yóò gbé ìka ọ̀gá lé ibi tó yẹ, ọ̀gá yóò sì fọwọ́ sí i. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ ojú rí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1954, Ọ̀gbẹ́ni Fàlílù, alábẹ̀wò ilé-ìwé, ti Abẹ́òkúta wá. Ó ní ilé-ìwé tuntun máa pọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìjọba sì ń wá àwọn tíṣà tí wọn yóò kó lọ sí Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ti ń darí ilé-ìwé. Ẹni tó bá lọ, ipò ọ̀gá ló máa dé bá. Ó ti kọ orúkọ Àmọ̀dá sí orí ìwé kan, ó sì fi í lé ọ̀gá lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò tí a ti kọ àdírẹ́sì sí. Ohun tó kù ni kí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí nípa rẹ̀.

“Ẹ má jẹ́ kó rí i o,” ni Fàlílù wí. “Ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì lẹ àpò rẹ̀ pa.”

Àmọ̀dá ti gbọ́. Bó ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń súfèé.

“Ìyá mi l'Átàn ti ń pe ara wọn ní ìyá ọ̀gá, sà,” ni ó wí. “Wọ́n ní àwọn ò tún lè ru igi wọ̀lú mọ́.”

Ọ̀gá Fádáhùnsí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù tó kù fún un. Bí Àmọ̀dá bá lọ, ta ni yóò máa ka lẹ́tà? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ yóò mọ̀, wọn yóò sì ní kí arúgbó máa lọ sílé láìpé ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ Àmọ̀dá bí a ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú.

Ó dúró di Sátidé, kí ilé-ìwé lè ṣófo. Àwọn ọmọ ti gbálẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti fọ gbogbo ìgò yíǹkì létí kànga, wọ́n sì ti dá wọn padà sáyè wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ Ajé ni Àmọ̀dá máa ń po yíǹkì mìíràn sínú wọn. Ọ̀gá jókòó, ó fi ìka wá etí ìwé náà, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kìn-ín-ní, ó ti gègé bọ ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Gègé náà ń ha ìwé bí ẹni pé kò fẹ́ lọ. Ó kọ ọ́ pé Àmọ̀dá ń gbéra ga. Ó kọ ọ́ pé kì í tètè dé. Ìlà mẹ́rin ni, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó lẹ àpò pa, ó fi agboòrùn táràrà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Nígbà tó délé, Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wá láti fi bó yíǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ó yí ọwọ́ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ, ọwọ́ yín mọ́ lónìí.”

Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà kan dé láti Abẹ́òkúta. Àmọ̀dá ya á, kò sì kà á jáde. Ọ̀gá gbọ́ tí ìka ń rá lórí ìwé láti òsì sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni, sà. Wọ́n ní ká máa ṣọ́ ọ lò. N ó fún wọn lésì.”

Ní ọjọ́ kejì ó gbé ìka ọ̀gá lé ibi tó yẹ, ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Kò súfèé lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù keje, orúkọ àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn dé. Àmọ̀dá kà á láti òkè délẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó béèrè bóyá ọ̀gá yóò mu omi.

Láti ìgbà náà, oore tí Àmọ̀dá bá ṣe fún ọ̀gá ń ta á bí ata ojú egbò. Nígbà kan ọ̀gá bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀ fún un.

“Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, sà,” ni Àmọ̀dá wí. “Agogo ilé-ìwé náà tó mi láti fi tètè dé.”

Ní oṣù kọkànlá Fàlílù tún wá. Ọ̀gá rán Àmọ̀dá lọ sí oko ilé-ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ojú.

“Ẹ yọ mí níṣẹ́,” ni ó wí. “Irọ́ ni mo fi ba ọmọ yẹn jẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ.”

Fàlílù ṣí fáìlì rẹ̀, ó yẹ ìwé wò títí. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Àmọ̀dá níta, ó ń ka ọkọ́ fún àwọn ọmọ.

“Ọ̀rọ̀ yín ò yé mi, Ọ̀gá,” ni Fàlílù wí níkẹyìn, “ìwé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, funfun báláú ló dé, yàtọ̀ sí orúkọ tí mo kọ sórí rẹ̀ kò sí ẹyọ yíǹkì kan lójú rẹ̀, a sì dá a padà sí yín pẹ̀lú òmíràn, èyí tẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí rèé, ìkọ̀wé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó dọ́gba, ohun tó sì wí kò ju pé, ‘Ẹ jẹ́ kí Àmọ̀dá dúró tì mí fún ọdún kan àbọ̀ sí i.’”