Dísìkì Ọjọ́ Ẹtì

Ní ọdún 1999, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Ọládipọ̀ máa ń mú dísìkì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí Mùnírátù ti ń tẹ̀wé ní Rumuokwuta. Ètò tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Iwofe fẹ́ fi máa tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Zaria ló jọ ń kọ ọ́, ẹni tó bá sì wù lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kò tíì jinná, Mùnírátù ló sì ń bá wọn dán an wò.

Ó mọ àléébù wá bí ìyá ọkọ tó wọ ilé ìdáná. Lọ́sẹ̀ kìíní, arúgbó ọgọ́ta ọdún di ọmọ tuntun. Lọ́sẹ̀ kẹta, gbogbo ọkùnrin lóyún. Ọládipọ̀ kì í bínú. Á rẹ́rìn-ín, á ní òun á tún un ṣe. Àwọn ará Zaria kọ̀wé pé tiwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní wọn ò lójú bíi ti Mùnírátù ni.

Ọládipọ̀ ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ sì ń dúró dè é n'Íbàdàn.

“Ọjọ́ tí o ò bá rí àléébù kankan mọ́ ni màá wọkọ̀,” ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùnírátù wọra. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?

Dísìkì keje dé. Ó dán an wò ní gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta. Arúgbó jẹ́ arúgbó, ọkùnrin kan kò lóyún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

“E don finish?” Boma tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi í.

“E remain small.”

Lọ́sàn-án, Ọládipọ̀ yọjú.

“Ṣé o rí nǹkan?”

“Kọ́pà, ẹ má kánjú. Ó ku díẹ̀. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé.”

“Kò burú,” ló wí, ó sì ń súfèé lọ.

Kò ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí àléébù kò bá sí, a lè fi ọ̀kan síbẹ̀. Ọládipọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí inú ètò náà, àti bí àwọn tó ń kọ ọ́ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìrántí sáàárín iṣẹ́, èyí tí ẹ̀rọ á kàn fò kọjá. Mùnírátù wá ibi tí ọjọ́ ìbí wà. Nọ́ńbà kan péré ló fẹ́ yí.

Ibẹ̀ gan-an ló ti bá ohun tí Ọládipọ̀ kọ láti fi rán ara rẹ̀ létí: “Àléébù keje nìyí. Bí Mùnírátù ò bá tètè rí i, kí n ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ.”