Ìkúnlẹ̀ Kẹta

Ara Àwẹ̀ró kò balẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn arúgbó tó bá ṣubú sì kà á sí pé ó ṣubú. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé àwọn arúgbó ni wọn yóò gbé e lọ.

Ìyá ọkọ jáde, arúgbó ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá.” Àwẹ̀ró dúró gbagidi bí òpó iná.

“Ìyàwó mi, ṣé orúnkún rẹ ti di irin ni?”

Ojú tì í. Ó kúnlẹ̀, ìdí ńlá rẹ̀ sì ti àga ṣubú.

“Ẹ ti ṣubú,” ni ẹ̀gbà wí. “Ọkọ̀ ń bọ̀.”

Ìyá ọkọ jókòó gbì sílẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó, títí ẹ̀gbà tirẹ̀ náà fi pe ọkọ̀.

“Wọn ò ní gbé ìyàwó mi nìkan lọ,” ló wí, “kí n wá máa kí ara mi láàárọ̀.”