Lẹ́tà Méjì fún Ipò Ààrẹ

Òfin ẹgbẹ́ àwọn ará Ṣakí ní Adjamé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, le. Ẹni tó bá máa ṣe ààrẹ gbọ́dọ̀ mọ Faransé kà, kó sì mọ Yorùbá kà, torí òun ló máa ń bá àwọn ará mérì, ìyẹn ìjọba àdúgbò, sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ wó ìsọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ọdún méjìlá ni Àlájì Mùíbì ti fi ṣe igbákejì. Ààrẹ kú. Ó wá ku òun àti Àrífù, ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò Cocody, tí Mùíbì ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí kọjá "ẹ kú iṣẹ́".

Bàbá Àbdùlsàmàd, àgbà ẹgbẹ́, ní kò le. Yorùbá Mùíbì ò ní àríyànjiyàn, Faransé Àrífù náà ò ní. Lọ́jọ́ Àìkú, Mùíbì máa ka lẹ́tà tí mérì kọ lésìí, Àrífù á ka èyí tó wá láti ilé ní Yorùbá. Ó fún kálukú ní ẹ̀dà tirẹ̀ kó lọ wò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mùíbì yà ní ṣọ́ọ̀bù Àrífù. Ètè ọmọ náà ń mì. Ìwé wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ wà lókè àjà.

"Kí lò ń wí lábẹ́ ẹnu yẹn?"

"Rien, Tonton. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ náà ní kò sí nǹkan kan.

Ara fu Mùíbì. Òun náà kúkú ń múra: tó bá ti kírun àsùbáà tán, Qudirat ọmọ rẹ̀ á ka lẹ́tà mérì sókè fún un, torí ó ní awò ojú òun ti fọ́. Wọ́n á jọ máa kà á, bí ọmọ ilé kéwú.

Ó gba ọ̀dọ̀ Àbdùlsàmàd lọ.

"Bàbá, ọmọ yẹn ò mọ Yorùbá kà o! Àkọ́sórí ló ń kọ́. Ẹ wá ọgbọ́n tẹ́ ẹ máa fi mú un."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Èmi tí mo ti gbé Lomé, tí mo gbé Kumasi kí n tó dé ibí? Ta ló ń bá òyìnbó ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ ní èbúté Vridi kí wọ́n tó bí Àrífù?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Màá wá ọgbọ́n."

Lọ́jọ́ Àìkú, Àbdùlsàmàd gba ẹ̀dà ọwọ́ wọn, ó fún kálukú ní ìwé mìíràn tó ṣẹ́ po. Mùíbì dìde. Ó fa awò ojú rẹ̀ yọ lápò, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́.

"Monsieur le Président..."

Ó ka Faransé náà geere, kò kọsẹ̀ níbì kan, ó ń ju ìwé náà sókè sódò bí ìmáàmù. Ilé hó. Sùwéébátù ìyàwó rẹ̀ ń ké, "Ààrẹ! Ààrẹ wa!"

Ó kan Àrífù. Ó tú ìwé, ó wò ó. Ó yí i pa dà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kà á ká gbọ́!" Mùíbì ń rẹ́rìn-ín. "Àbí àkọ́sórí ti fò lọ? Mo ṣáà ti sọ!"

Àbdùlsàmàd ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀, kò wo ẹnì kankan.

Àrífù gbójú sókè, ó fi Yorùbá tó dá ṣáká sọ pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, Faransé ló wà nínú èyí tẹ́ ẹ fún mi, ti Yorùbá ló wà lọ́wọ́ Tonton Mùíbì."