Kọ́ọ̀sì Tí Ọ̀gá Fẹ́ Fagi Lé

"Tí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ọkùnrin—"

"Ẹ dúró ná, màdáámù!" Olórí ẹ̀ka tún já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ olùkọ́ lẹ́nu, bó ti ń ṣe nípàdé láti ọdún mẹ́sàn-án. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló pè é wá wo kọ́ọ̀sì tí ọ̀gá náà fẹ́ fagi lé. Bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nǹkan sílẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan. "Ka ohun tí o kọ nínú ọ̀rọ̀ mi."

"Màdáámù ní ká máa ka iye ìgbà tí ẹ bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn lẹ́nu, sà. Ó ti di mọ́kàndínlógún."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ìpè mi, sà. Mo ti—"

"Ìsọkúsọ wo—"

Gbogbo kíláàsì hó yèè: "Ogún!"