Adìyẹ Gbé Ariwo Rẹ̀ Lọ Sọ́jà

Àlọ́ mi rèé o, orí Adìyẹ aláriwo ló bà lé. Bó bá ti yé ẹyin kan báyìí, á ké. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ alárobọ̀ á sáré dé, á fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbà á, á lọ tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn òròmọ Adìyẹ kì í yó.

Pẹ́pẹ́yẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní: "Ìyá olóròmọ, ẹ panu mọ́ títí agbọ̀n á fi kún. Ọjà ni kẹ́ ẹ ti ké."

Lọ́jọ́ ọjà, Adìyẹ figbe ta, ọjà ń gbè é:

Mo yé e, mo yé e o!
Kó-kó-kó, ẹ wá rà á!
Ẹyin tuntun ni mo gbé dé o!
Kó-kó-kó, ẹ wá rà á!

Ó gbé odidi àpò àgbàdo délé. Àwọn òròmọ yó bámúbámú.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣì wà nínú igbó dòní, ó ń dẹtí, ó ń bi Pẹ́pẹ́yẹ bóyá Adìyẹ ò yé mọ́ ni.